Ìgò Tí A Dí Ẹnu Rẹ̀: Bí A Ti Ṣe Mọ Ìyípadà Ẹ̀dá Yàtọ̀ sí Ìyípadà Ìrísí

Gbogbo àwa tí a ti di ẹfun mú rí níwájú pátákó ni a mọ òfin kan tí a máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ. A ó kọ ọ́ sí ojú pátákó pé oríṣi ìyípadà méjì ni ó ń bá ohun gbogbo tí ó wà láyé. Èkíní ni ìyípadà ìrísí, bí ìgbà tí omi dì tí ó sì tún yọ́. Èkejì ni ìyípadà ẹ̀dá, bí ìgbà tí igi jóná tí ó sì di eérú. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi òfin náà dé e lórí: ohun tí ó bá lè padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ìyípadà ìrísí ni, èyí tí kò bá lè padà mọ́, ìyípadà ẹ̀dá ni. Àwọn ọmọ a sì kà á lákàtúnkà títí wọn ó fi mọ̀ ọ́n sórí bí orin.

Ní ọjọ́ kan tí a ń kọ́ni ní òfin yìí, ọmọkùnrin kan ní ìjókòó ẹ̀yìn nawọ́ sókè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni igbá tí a fi ń bu omi nínú àmù ilé-ẹ̀kọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó sì fọ́, a sì ti bá a wí gidigidi nítorí rẹ̀. Ó dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Tíṣà, igbá tí ó fọ́ láàárọ̀ kò lè padà di odindi mọ́. Ṣé ìyípadà ẹ̀dá ni ó bá a, sà?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, a sì ní kí ó jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí a kù ní àwa nìkan, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ wa lẹ́nu, nítorí pé gẹ́gẹ́ bí òfin tí a fi ọwọ́ ara wa kọ sí ojú pátákó, ọmọ náà ni ó jàre.

Ìtìjú yìí ni ó lé wa dé ìdí ìwé, kí a lè mọ bí àwọn ọlọ́gbọ́n ìgbà àtijọ́ fúnra wọn ti ṣe dá ìyípadà méjèèjì mọ̀ yàtọ̀. A rí i pé ó gbà wọ́n ní ọdún tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ, pé àṣìṣe wọn pọ̀, pé ó sọ àwọn ènìyàn rere di alátakò ara wọn. A sì rí i pẹ̀lú pé kì í ṣe òfin tiwa yẹn ni ó yanjú ọ̀ràn náà fún wọn.

Kí a má ṣe rò pé inú ìwé nìkan ni ọ̀ràn yìí wà o. Ọwọ́ ènìyàn ti mọ̀ ọ́n kí ẹnu tó rí ọ̀rọ̀ sọ nípa rẹ̀. Ìyá tí ń ta òrí mọ̀ pé òrí tí oòrùn yọ́ lọ́sàn-án yóò tún dì nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́ lóru, òrí náà ni yóò sì jẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń se ọṣẹ dúdú, tí ó da omi eérú pọ̀ mọ́ àdín tí ó sì ń rò ó lórí iná, mọ̀ dájú pé ohun tí òun yóò sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́ kì í ṣe àdín mọ́, kì í sì í ṣe eérú. A kò tí ì rí ẹni tí ó fi ọṣẹ dín àkàrà. Èdè wa ni kò ràn wá lọ́wọ́ tó níhìn-ín, nítorí pé "yọ́" kan náà ni a ń wí fún òrí tí ó yọ́ nínú oòrùn, fún iyọ̀ tí ó yọ́ sínú omi, àti fún òkúta irin tí àwọn baba wa ń yọ́ nínú ìléru. Bẹ́ẹ̀ ni ti ìkẹyìn yìí jìnnà réré sí ti ìṣáájú, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Àwọn ará ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá, òkùnkùn ni wọ́n wà fún ìgbà pípẹ́. Dókítà kan wà ní Brussels tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jan Baptist van Helmont, ẹni tí ó kú ní 1644. Ọkùnrin yìí gbin igi kan tí à ń pè ní wílò, tí ó wọn pọ́n-ùn 5, sínú erùpẹ̀ gbígbẹ tí ó wọn pọ́n-ùn 200. Omi nìkan ni ó ń bu sí i fún ọdún 5. Nígbà tí ó fà á tu, igi náà ti di pọ́n-ùn 169 àti áńsì 3, erùpẹ̀ náà kò sì dín ju bí áńsì 2 lọ. Ó wá parí èrò rẹ̀ sí i pé omi ni ó di igi. Òṣùwọ̀n rẹ̀ kò purọ́. Ohun tí kò gbé lé òṣùwọ̀n ni ó ṣì í lọ́nà. Afẹ́fẹ́ ni ewé igi náà ń gbà wọlé ní ojú rẹ̀ fún ọdún 5 gbáko, kò sì kà á sí. Ohun ìyanu ni pé òun gan-an ni ó dá ọ̀rọ̀ náà "gas" sílẹ̀, tí a fi ń pe oríṣiríṣi afẹ́fẹ́ títí di òní.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta gbòǹgbò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé omi lè di ilẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́: bí a bá ń se omi mímọ́ gaara nínú ìgò fún ìgbà pípẹ́, a ó bá ìyẹ̀fun díẹ̀ bí erùpẹ̀ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ibo ni erùpẹ̀ ti wá, bí kò ṣe láti inú omi?

Ibí yìí ni a ti kọ́kọ́ pàdé ẹni tí ìtàn wa dá lé. Antoine Lavoisier ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Párísì ni a bí i sí ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, 1743. Ìmọ̀ òfin ni ó kọ́, nítorí pé amòfin ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ fà sí ìwádìí ohun tí Ọlọ́run dá. Ní 1768 a gbà á sínú ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún kan náà ni ó fi owó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn tí ń gba owó-orí fún ọba, nítorí pé àwọn ohun èlò tí ó fẹ́ máa lò wọ́n púpọ̀. Kí ẹ̀yin olùkàwé fi ìkejì yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a.

Lavoisier mú ìgò kan tí ó ní ọwọ́ méjì tí ó tẹ̀ padà wọ inú ara rẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ ẹyẹ òfú pè. Ó bu omi sí i, ó dí i pinpin, ó sì gbé e ka iná láti ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá, 1768. Omi náà ń di ooru, ó ń gòkè, ó ń kan òkè ìgò, ó ń tutù, ó sì ń ṣàn gba ọwọ́ méjèèjì padà sí ìsàlẹ̀, tọ̀sán tòru, fún ọjọ́ 101. Ìyẹ̀fun náà hàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé gbogbo rẹ̀ lé òṣùwọ̀n láìtíì ṣí i, kò fi nǹkan kan wúwo sí i, kò sì fi nǹkan kan fúyẹ́. Nígbà náà ni ó ṣí i, ó da omi inú rẹ̀ jáde, ó sì wọn ìgò náà ní òun nìkan. Ìgò ni ó fúyẹ́, ohun tí ó sì dín nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ bá ìwọ̀n ìyẹ̀fun náà mu. Omi gbígbóná ti ń jẹ ara ìgò díẹ̀díẹ̀! Omi kò di erùpẹ̀ rárá. Ó ti gòkè, ó ti sọ̀kalẹ̀ ní ìgbà àìníye, omi náà ni ó sì jẹ́ títí dé òpin.

Ẹ kíyèsí ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Kò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ó lè padà tàbí kò lè padà. Ohun tí ó béèrè ni pé, kí ni ó wọlé, kí ni ó sì jáde? Kí ó lè mọ̀ ọ́n, ó dí ẹnu ìgò.

Ọ̀ràn iná ni ó wá ṣòro jù. Ní àkókò náà, ẹ̀kọ́ Georg Ernst Stahl, dókítà kan ní ilẹ̀ Jámánì tí ó kú ní 1734, ni gbogbo ayé ń tẹ̀lé. Ó kọ́ni pé ohun kan wà nínú gbogbo nǹkan tí ó lè jó, ó sì pè é ní phlogiston. Kí àwa máa pè é ní ohun-iná. Bí igi bá ń jó, ohun-iná ni ó ń jáde lọ, ohun tí ó kù ni eérú. Bákan náà, bí a bá gbé tánganran tàbí òjé ka iná títí ó fi di ìyẹ̀fun tí kò dán mọ́, ohun-iná inú rẹ̀ ni ó jáde lọ; bí a bá sì fi èédú sí ìyẹ̀fun náà tí a tún gbé e ka iná, èédú tí ó kún fún ohun-iná a dá tirẹ̀ padà fún un, a sì tún di irin dídán. Ẹ má ṣe fi ẹ̀kọ́ yìí ṣẹ̀sín. Ó bá ojú mu, ó sì so jíjó igi àti bíbàjẹ́ irin pọ̀ mọ́ ara wọn. Òótọ́ sì ni pé ohun kan náà ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kọ̀ ọ́. Ní 1630, apòògùn kan ní ìlú Bergerac ní ilẹ̀ Faransé ti kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ dókítà Jean Rey pé, kí ni ó fà á tí tánganran tí òun fi sínú iná, tí ó wọn pọ́n-ùn 2 àti áńsì 6, fi di pọ́n-ùn 2 àti áńsì 13 lẹ́yìn wákàtí 6? Bí nǹkan bá jáde lára ohun kan, yóò ha tún wúwo sí i bí? Rey dáhùn pé afẹ́fẹ́ ni ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdáhùn náà sún mọ́ òótọ́ tímọ́tímọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọ́ tirẹ̀. Robert Boyle, ọlọ́gbọ́n ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún un ṣe nínú ìgò tí a dí ẹnu rẹ̀, ó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1673. Òun náà rí i pé irin wúwo sí i, ó sì rò pé iná ni ó gba ara ìgò wọlé lọ bá irin náà. Ohun kékeré kan péré ni ó ṣì ṣe: ó ṣí ìgò kí ó tó wọ̀n ọ́n. Ìgbà tí ó ṣí i ni afẹ́fẹ́ ìta rọ́ wọlé, kò sì mọ̀. Bí ó bá ti wọ̀n ọ́n ṣáájú, bóyá orúkọ tirẹ̀ ni à bá máa pè níhìn-ín.

Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn èyí kí ẹnì kan tó ṣe ohun tí Boyle kò ṣe. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, 1772, Lavoisier ti fi lẹ́tà tí ó lẹ̀ pinpin pamọ́ sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́gbọ́n, pé imí ọjọ́ tí ó jó ń wúwo sí i ni, kì í fúyẹ́. Ní 1774 ó wá fi tánganran sínú ìgò, ó dí i, ó wọ̀n ọ́n, ó gbé e ka iná títí ìyẹ̀fun fi hàn lórí tánganran náà, ó jẹ́ kí ó tutù, ó sì tún wọ̀n ọ́n láìṣí i. Kò yàtọ̀ rárá. Iná kò gba ara ìgò wọlé, nǹkan kan kò sì jáde. Nígbà tí ó gé ẹnu rẹ̀, ó gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ti rọ́ wọlé pẹ̀lú ariwo, ìgbà náà ni òṣùwọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn pé ó wúwo sí i. Afẹ́fẹ́ inú ìgò ni tánganran ti gbà mọ́ra. Afẹ́fẹ́ ìta ni ó wá dí àyè rẹ̀.

Irú afẹ́fẹ́ wo? Níhìn-ín ni ọ̀gbẹ́ni mìíràn ti wọlé, Joseph Priestley, oníwàásù kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, 1774, ó fi dígí ńlá kó ìtànṣán oòrùn jọ sórí ìyẹ̀fun pupa tí a ń rí lára mẹ́kúrì, irin olómi tí ń yí gbirigbiri, nígbà tí a bá sè é pẹ́. Afẹ́fẹ́ kan jáde lára rẹ̀ tí àbẹ́là jó nínú rẹ̀ lọ́nà tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, Priestley jẹun nílé Lavoisier ní Párísì, ó sì sọ ohun tí ó rí fún gbogbo àwọn tí ó wà nídìí tábìlì. Apòògùn ará Swídìn kan, Carl Wilhelm Scheele, ti rí afẹ́fẹ́ kan náà ṣáájú wọn, ṣùgbọ́n kò tẹ ìwé tirẹ̀ jáde títí di 1777. A gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba pé Lavoisier kò fún àwọn méjèèjì ní ọlá tí ó tọ́ sí wọn. Síbẹ̀, Priestley rí afẹ́fẹ́ náà, kò mọ ohun tí ó rí. Títí ó fi kú ní Amẹ́ríkà ní 1804 ni ó ń sọ pé ohun-iná ń bẹ.

A dé ibi tí a ti ń bọ̀ láti òwúrọ̀. Lavoisier mú mẹ́kúrì áńsì 4, ó fi í sínú ìgò ọlọ́rùn gígùn kan, ó tẹ ọrùn ìgò náà kí ó lè yọrí sábẹ́ agogo dígí kan, kí afẹ́fẹ́ ìta má baà rí ọ̀nà wọlé. Afẹ́fẹ́ tí ó há sínú rẹ̀ tó ìnṣì kúbíìkì 50. Ó dá iná sí i, ó sì mú un gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí mẹ́kúrì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa hó. Ní ọjọ́ kìíní kò rí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì, àwọn èérún pupa kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí léfòó lójú mẹ́kúrì. Wọ́n ń pọ̀ sí i fún bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, lẹ́yìn náà wọn kò pọ̀ sí i mọ́. Ní ọjọ́ 12 ó pa iná náà. Afẹ́fẹ́ tí ó kù jẹ́ ìnṣì kúbíìkì 42 tàbí 43. Ó fi àbẹ́là bọ inú rẹ̀, àbẹ́là kú. Ó fi ẹranko bọ inú rẹ̀, ẹranko kú.

Ó kó èérún pupa náà jọ, ó jẹ́ gírénì 45, ìwọ̀n kékeré tí àwọn apòògùn ń lò. Ó fi wọ́n sínú ìgò mìíràn, ó sì mú iná náà le ju ti ìṣáájú lọ. Wọ́n pọ́n, wọ́n ń dín kù, wọ́n sì pòórá. Ohun tí ó bá nínú ìgò ni mẹ́kúrì dídán gírénì 41 àti ààbọ̀, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí ó tó ìnṣì kúbíìkì 7 tàbí 8. Èyí ni èyí tí ó ti sọnù lára 50 nì. Nígbà tí ó dà á pọ̀ mọ́ èyí tí ó kù, ó tún di afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú. Afẹ́fẹ́ tí ó jáde lára èérún pupa yìí ni òun fúnra rẹ̀ sọ ní ọ́síjìn lẹ́yìn náà.

Ẹ dúró díẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa. Mẹ́kúrì di ìyẹ̀fun pupa, ìyẹ̀fun pupa sì padà di mẹ́kúrì. Ó lọ, ó sì bọ̀. Bí òfin ojú pátákó wa bá jẹ́ òtítọ́, ìyípadà ìrísí lásán ni èyí. Ṣùgbọ́n ìyípadà ẹ̀dá tí ó lókìkí jùlọ nínú gbogbo ìtàn ìmọ̀ yìí ni!

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun mìíràn tí ó bá mẹ́kúrì kan náà wé e. Ní oṣù Kejìlá, 1759, òtútù mú púpọ̀ ní Saint Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Braun sì fi yìnyín àti omi kíkan líle mú òtútù náà pọ̀ sí i, títí mẹ́kúrì fi dì gan-an, tí wọ́n sì fi òòlù lù ú bí ẹni ń lu òjé. Nígbà tí ooru dé, ó yọ́. Èyí náà lọ, ó sì bọ̀. Kí ni ó wá yà wọ́n? Nígbà tí ó dì, ohunkóhun kò wọ inú rẹ̀, ohunkóhun kò sì jáde. Mẹ́kúrì ni nígbà tí ó ń ṣàn, mẹ́kúrì ni nígbà tí ó le. Ṣùgbọ́n èérún pupa nì kì í ṣe mẹ́kúrì tí ó wọ aṣọ mìíràn. Mẹ́kúrì àti ọ́síjìn ni ó ti dì mọ́ ara wọn, wọ́n sì ti di ẹ̀dá kẹta tí ìwà rẹ̀ kò jọ ti baba, kò sì jọ ti ìyá. Gírénì 3 àti ààbọ̀ tí ó fi wúwo ju mẹ́kúrì inú rẹ̀ lọ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Omi ni Lavoisier tún fi parí ẹjọ́ náà. Ọ̀gbẹ́ni Cavendish ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ rí i pé bí a bá jó afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ kan, èyí tí a ń pè ní háídírójìn, omi ni a ó rí. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà, 1783, Lavoisier àti Laplace ṣe é lójú ènìyàn ní Párísì. Ní ọdún kejì, òun àti ọ̀gágun Meusnier jẹ́ kí omi máa kán gba inú ọ̀pá ìbọn onírin tí ó pọ́n nínú iná. Irin gba ọ́síjìn inú omi mọ́ra, ó sì dípẹtà. Háídírójìn sì jáde ní ìpẹ̀kun ọ̀pá náà. Nítorí náà omi tí ó fi ọjọ́ 101 sè láìyípadà ní 1769 ni ó já sí méjì ní 1784. Ohun tí iná lásán kò lè ṣe sí omi nínú ìgò dígí, irin gbígbóná ṣe é. Yìnyín, omi, ooru omi: ẹ̀dá kan ni wọ́n. Háídírójìn àti ọ́síjìn: ẹ̀dá mìíràn ni wọ́n, omi kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí John Dalton, olùkọ́ ilé-ìwé kan ní Manchester, ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1808 ni a ti ń sọ ọ́ báyìí pé àwọn átọ̀mù ni wọ́n tú ìdè, tí wọ́n sì tún ara wọn dè ní ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí omi bá dì tàbí tí ó gbẹ, ìdè àárín wọn kò tú.

Ní 1789 ni ìwé ńlá Lavoisier jáde. Ìyàwó rẹ̀, Marie-Anne Paulze, tí ó fẹ́ ní 1771 nígbà tí ọmọbìnrin náà jẹ́ ọmọ ọdún 13, ni ó ya gbogbo àwòrán ohun èlò inú rẹ̀. Òun ni ó sì kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ó lè máa túmọ̀ ìwé àwọn alátakò fún ọkọ rẹ̀. Ìwé náà kò bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe. Ó ka ooru àti ìmọ́lẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀dá tí a lè kà bí irin àti imí ọjọ́. Orúkọ náà ọ́síjìn pàápàá, tí ó túmọ̀ sí olùbí ohun kíkan ní èdè Gíríìkì, kò tọ́, nítorí Humphry Davy fi hàn ní 1810 pé omi kíkan líle wà tí kò ní ọ́síjìn kankan nínú. Orúkọ náà ti mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu, a kò sì yí i padà.

Ní ọdún tí ìwé náà jáde gan-an ni rògbòdìyàn dé sí ilẹ̀ Faransé. Àwọn agbowó-orí ọba ni àwọn ènìyàn kórìíra jùlọ. A mú Lavoisier ní oṣù Kọkànlá, 1793. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún, 1794, a bẹ́ ẹ lórí, òun àti àwọn agbowó-orí 27 mìíràn, àna rẹ̀ sì wà nínú wọn. Ọmọ àádọ́ta ọdún ni. Owó tí ó fi ra òṣùwọ̀n tí ó là wá lójú ni ó ra ikú fún un.

Nígbà tí a ka ìtàn yìí tán, ojú tí a fi ń wo iṣẹ́ àwọn ènìyàn wa yàtọ̀. Ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo, ta ni kò tí ì dúró nídìí ìkòkò aláró rí? Aṣọ tí ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú aró èlú kì í dúdú bí ti ẹ̀lẹ́dùú; ó máa ń dàbí àwọ̀ ewé tútù. Ìgbà tí ó bá nà án sínú afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣú díẹ̀díẹ̀ lójú wa. Ọ́síjìn ni ó ń bá èlú inú aṣọ náà ṣiṣẹ́, ọ́síjìn kan náà tí ó wọ inú mẹ́kúrì ní Párísì. Àwọn ìyá wa kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé kí a má ṣe kánjú padà ti aṣọ bọ aró kí afẹ́fẹ́ tó fẹ́ sí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti irin. Ní 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. V. Bellamy tẹ ìròyìn kan jáde nípa ìléru tí ó rí lẹ́nu iṣẹ́ ní abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́, tí ó kọ orúkọ rẹ̀ ní Ola-Igbi, níbi tí àwọn ará abúlé ti ń fi èédú yọ irin lára òkúta. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú irú ìléru bẹ́ẹ̀ ni pé òkúta irin jẹ́ irin tí ó ti di mọ́ ọ́síjìn. Èédú tí ń jó gba ọ́síjìn náà lọ́wọ́ rẹ̀, irin sì kù pẹ̀lú ìdàrọ́. Ìyípadà ẹ̀dá nìyẹn. Bí alágbẹ̀dẹ bá gba irin náà, tí ó fi ẹwìrì fẹ́ iná sí i, tí ó sì fi ọmọ owú lù ú di ọkọ́, irin ni ó bá, irin ni ó fi sílẹ̀. Ìrísí ni ó yí padà. Bí àgbẹ̀ bá sì gbàgbé ọkọ́ náà sínú òjò títí ó fi dípẹtà, ọ́síjìn ti padà wá gba tirẹ̀, irin sì ti ń padà sí ohun tí ó jọ òkúta tí a ti yọ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìyípadà ẹ̀dá tí ó lè padà, kí ó wo ìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn èyí, a nu òfin àtijọ́ náà kúrò lójú pátákó níwájú kíláàsì kan náà, a sì sọ fún wọn pé àwa ni a ṣì wọ́n lọ́nà. A pe ọmọkùnrin nì síwájú. A ní kí ó lọ ṣa àfọ́kù igbá rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó sì mú méjì wá. A ní kí ó ju ọ̀kan sínú omi, ó léfòó. A ní kí ó wò ó dáadáa, kí ó gbóòórùn rẹ̀, kí ó fi eyín gbé e wò. Ó ní igbá ni. Lẹ́yìn náà a ní kí ó fi èkejì sínú iná. Ó jó tán, ó fi eérú díẹ̀ sílẹ̀. A ní kí ó tún fi iná sí eérú náà, bóyá yóò tún jó. Ó gbìyànjú títí, kò jó. Ọmọ náà wo eérú ọwọ́ rẹ̀, ó wo àfọ́kù tí ń léfòó nínú omi, ó sì béèrè pé, "Tíṣà, ibo wá ni ìyókù igbá mi lọ, sà?" Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. A ní kí ó lọ wá ìgò kan tí ó ní ìdérí wá.